Eku Wọ Àpò Gàrí: Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Òkè-Baálẹ̀

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Wolé-wolé. Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ni mò ń gbé, Ọjà-Ọba ni mo ti ń ta gàrí àti èlùbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣí àpò gàrí kan nínú stóò, mo bá ìgbẹ́ eku nínú rẹ̀, wọ́n sì ti jẹ igun àpò náà lu. Ọkọ mi kó gbogbo ẹrù jáde lọ́jọ́ Sátidé, ó gbá stóò náà mọ́ tónítóní, ó sì pa eku méje. Láti ọjọ́ Túsìdeè ni ara Ìdòwú mi ti ń gbóná. Mo ra oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì, ó ti lò ó tán, ara ò rọlẹ̀. Aládùúgbò mi ní ibà Lásà ni, kí n má gbé ọmọ náà wá sí ìloro òun mọ́. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ti ń jẹ eku láti kékeré, kò sí nǹkan tó ṣe àwọn. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n da gàrí náà nù ni, àbí kí n tún un yan? Oògùn eku wo ló sì dára jù?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àìsùn o. Ọ̀rọ̀ gàrí lè dúró, ọ̀rọ̀ oògùn eku náà lè dúró. Ti Ìdòwú ni kò lè dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Mi ò sọ pé kẹ́míìsì, mi ò sì sọ pé lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ nílé. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asubiaro tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN, èyí tó bá súnmọ́ yín. Bí ẹ bá ti jókòó síwájú ẹni tó máa yẹ ọmọ wò, kó tó bi yín léèrè ohunkóhun, ẹ sọ ọ́ jáde pé: “Eku wà nínú stóò wa, bàbá rẹ̀ pa méje, ó gbá ìgbẹ́ wọn, ọmọ yìí ti lo oògùn ibà tán, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná.” Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì ju iye owó tó wà lápò yín lọ. Ìlú ibà maléríà ni ìlú wa. Bí ẹ bá kàn ní “ara ọmọ mi ń gbóná,” ọ̀nà maléríà ni wọ́n máa gbà, àìmọ̀kan kọ́ ni, ohun tí wọ́n ń rí láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ eku tí ẹ bá sọ ló máa jẹ́ kí wọ́n wo apá ibòmíràn.

Èmi kì í ṣe dókítà, kí n tètè sọ ọ́. Inú stóò, inú àjà, ẹ̀yìn ilé ìdáná, etí gọ́tà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wolé-wolé gbé mi lọ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìntì. Ohun tó wà lára Ìdòwú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ maléríà tí oògùn rẹ̀ kò péye, tàbí tàífọ́ọ̀dù, tàbí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún lásán. Àmọ́ òfin kan wà tí àwọn tó ń tọ́jú ibà Lásà máa ń tẹnu mọ́: bí ènìyàn bá ti lo oògùn ibà tó tọ́ fún ọjọ́ méjì tí ara kò rọlẹ̀, tí eku sì wà nínú ọ̀rọ̀, kí wọ́n má tún máa pààrọ̀ oògùn maléríà kan sí òmíràn. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò Lásà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gún ìka ṣe lórí káńtà. Yàrá àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí. Ẹ má fi ìka ka ọjọ́ láàrin Sátidé sí Túsìdeè kí ẹ wá dá ẹjọ́ fúnra yín. Láti ọjọ́ méjì sí ọjọ́ mọ́kànlélógún ni àìsàn yìí lè fi ara pamọ́ kó tó yọjú, àwọn eku yín kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́jọ́ Sátidé.

Ó wá kù sí ẹjọ́ àwọn méjèèjì tí wọ́n ń fà yín lápá. Aládùúgbò yín sọ ìdajì òótọ́, ìyá ọkọ yín náà sọ ìdajì. Òótọ́ ni pé eku ń fún ènìyàn ní àìsàn tó lè pani. Òótọ́ náà ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bá eku gbé títí tí kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí fáírọ́ọ̀sì Lásà bá wọ̀ lára, bíi mẹ́jọ ni kò ní mọ̀ rárá, tàbí kí ara wọn kàn gbóná díẹ̀ kó sì lọ. Àwọn méjì tó kù ni wàhálà wà fún. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà kan fi lè búra pé eku kò ṣe òun ní nǹkan kan, kò parọ́. Àwọn tí eku ṣe ní nǹkan kò sí láyé láti wá jẹ́rìí tiwọn.

Orúkọ ìlú ni Lásà. Ìpínlẹ̀ Bọ̀rọ̀nú ló wà, níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fura sí àìsàn yìí ní ọdún 1969. Nọ́ọ̀sì òyìnbó míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún náà. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, Charlotte Shaw, kó o, òun náà kú. Ẹnìkẹta tó tọ́jú Shaw, Penny Pinneo, kó o bákan náà. Wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí New York, orí sì yọ ọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí ní gbogbo ìpàdé tí mo bá ti bá àwọn ìyálọ́jà ṣe, nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ hàn kedere: ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ eku, àwọn méjì gbà á lọ́wọ́ ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀, itọ́ ẹnu ẹni tó ń ṣàìsàn ni ọ̀nà tó ń gbà dé ara ẹlòmíràn. Kí ẹnì kan gba ìloro aládùúgbò kọjá, tàbí kó kí i láti òkèèrè, kì í kó o ràn án. Nítorí náà, aládùúgbò yín tó lé ọmọdé kúrò níloro ṣe àṣejù. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń nu èébì Ìdòwú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tí kò bá sí, ẹ fi nílọ́ọ̀nù bo ọwọ́, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn Ìbejì kò gbọdọ̀ bá a mu nínú ife kan náà títí èsì yóò fi dé.

Kì í ṣe gbogbo eku ló ń gbé e kiri. Èyí tí a mọ̀ pé ó ń gbé Lásà jù lọ ni eku kan tí orúkọ ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Mastomys natalensis. Ó tóbi ju èkúté kékeré inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, kò tó eku ńlá inú gọ́tà. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀, ikùn rẹ̀ ràn sí funfun. Àmì tó dájú jù wà lábẹ́ abo rẹ̀: ọmú tò sí i níkùn láti àyà dé ìsàlẹ̀ ikùn, ó lè tó mẹ́rìnlélógún. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, a máa ń fi ọwọ́ lásán yí eku dà ka ọmú rẹ̀, a ó sì máa rẹ́rìn-ín pé ìyá yìí ì bá rọ́wọ́ mú ká ní ènìyàn ni. Nígbà tí mo bá rántí ọwọ́ mi méjèèjì nígbà yẹn, ara mi máa ń bù mọ́ mi. Ẹ má dán an wò. Mo sọ ti ọmú náà kí ẹ lè mọ ìdí tí pípa méje kò fi tó nǹkan kan: ìyá kan lè bí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, oyún rẹ̀ kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àwọn ọmọ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí bí tiwọn kí oṣù díẹ̀ tó pé. Ọkọ yín pa méje lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bá mi bi í pé mélòó ló ń gbọ́ lókè àjà lálẹ́.

Ohun tó tún mú un burú ni pé eku tó ní Lásà kì í ṣàìsàn. Kì í rù, irun rẹ̀ kì í re, ó ń sáré kiri bíi ti èkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ rẹ̀ ti ní fáírọ́ọ̀sì nínú, ó sì lè máa tọ̀ ọ́ jáde títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Eku kì í sì í tọ̀ síbi kan bí ológbò. Bó ṣe ń rìn ló ń kán an sílẹ̀. Ó tọ̀ sórí àpò, sórí ìdérí ìkòkò, sínú abọ́ tí ẹ fọ̀ tí ẹ dojú rẹ̀ sókè, sórí pátákó tí ẹ fi ń gé ẹ̀fọ́. Ìgbẹ́ ni ẹ̀yin rí. Ìtọ̀ ti gbẹ, kò ní àwọ̀ mọ́, ojú kò rí i. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ti ṣa ìgbẹ́ eku kúrò nínú ẹ̀wà, èmi máa ń bi í pé ta ló bá a ṣa ìtọ̀.

Ibi tí ọkọ yín ti ṣe àṣìṣe nìyẹn, ẹ má sì bá a jà, nítorí ohun tí gbogbo wa kọ́ ní ilé bàbá wa ló ṣe. Mo rántí stóò kan tí mo wọ̀ ní ìsàlẹ̀ Òkè-Fìà ní ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀rùn. Bàbá onílé ti rí wa lókèèrè, ó sì ti sáré mú ìgbálẹ̀ kí a tó dé kí a má baà kọ ìwé fún un. Fèrèsé kékeré kan ni stóò náà ní, oòrùn gba ibẹ̀ wọlé bí ọ̀pá. Nínú ọ̀pá oòrùn yẹn ni mo ti rí eruku tó ń gòkè, tó nípọn bí èéfín, ìgbẹ́ eku gbígbẹ tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí bàbá náà sì ń wú ikọ́ nínú rẹ̀. Ó rò pé òun ń lé ìdọ̀tí jáde. Inú imú ara rẹ̀ ló ń kó o sí. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ lórí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ eku máa ń sọ ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́ di ohun tí à ń mí símú. Nítorí náà, ẹ sọ fún ọkọ yín kó máa wo ara rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún láti ọjọ́ Sátidé yẹn. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí ọ̀nà ọ̀fun dùn ún, tí ó rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kó lọ bá dókítà kó sì sọ ìtàn eku náà. Bí ó bá ní ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó pa wọ́n, kó má fi ìyẹn sílẹ̀ láìsọ.

Àsìkò tí ẹ kọ̀wé yìí gan-an ni àsìkò rẹ̀. Gbogbo ọdún ni Lásà wà, ṣùgbọ́n láti bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ló ń gbilẹ̀ jù. Wọ́n ti kórè, wọ́n ti dáná sun igbó, eku kò rí ibi sá sí àti ohun jẹ lóko, ó gba ilé ènìyàn lọ. Àsìkò yẹn kan náà ni àwa náà ń sá èlùbọ́ àti gàrí sórí àpáta, sẹ́bàá títì, sórí òrùlé, tí a ó sì fi sílẹ̀ mọ́jú. Oòrùn ń pa kòkòrò, mi ò jiyàn, àmọ́ oòrùn kì í wà níbẹ̀ lóru nígbà tí eku bá jáde wá jẹun. Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi ni ẹ máa ń gbọ́ jù nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti rí i rí, Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 2020 àti 2023, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà lé ní 1,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ìlú kan ṣoṣo ni Òkè-Baálẹ̀ àti Ọjà-Ọba: àpò tí ọkọ̀ já sílẹ̀ lọ́jà, ẹ kò mọ stóò tó ti sùn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àwọn ènìyàn tún ní èrò kan tó ti pa ọ̀pọ̀ jù bí mo ṣe lè kà, pé Lásà ni ẹ̀jẹ̀ máa ń tú jáde lójú àti nímú. Wọ́n á wo aláìsàn, wọn ò rí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ní “kì í ṣe òun.” Ọ̀pọ̀ aláìsàn Lásà kò ní tú ẹ̀jẹ̀ rárá, èyí tó bá sì tú u, ó ti wọra. Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, lẹ́yìn náà ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àyà dídùn, ikọ́, èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Ojú wíwú àti ẹ̀jẹ̀ ni ìparí. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ribavirin, máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ lo ọjọ́ kan sí i nílé pẹ̀lú àgbo. Mi ò bá àgbo jà, èmi náà ń mu ún. Ọjọ́ tí ẹ fi ń dúró de àgbo ni mo ń bá jà. Ẹ má sì ra ribavirin fúnra yín láti fi “dáàbò bo ilé”. Kì í ṣe oògùn tí à ń jẹ bí àádùn, dókítà ni kó fún yín. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára Lásà tí wọ́n fọwọ́ sí fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá yè é náà lè bá etí dídi bọ̀, nínú mẹ́ta tó bá yè, ó lè tó ẹnì kan. Bí aboyún bá sì wà nínú ilé yín, pàápàá tí oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù mẹ́fà, ẹ lé e jìnnà sí stóò yẹn pátápátá, nítorí ìyá àti ọmọ ni àìsàn náà sábà máa ń fẹ́ kó lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya tún kù: ọkùnrin tó bá ti yè é lè máa ní in nínú àtọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó fi ìyẹn sọ́kàn. Bí ilé ìwòsàn bá ń ṣe yín ṣìbáṣìbo, nọ́ńbà àjọ tó ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, NCDC, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bá ìyá ọkọ yín sọ̀rọ̀ lórí eku jíjẹ, nítorí èmi náà jẹ ẹmọ́, mo sì jẹ òkété, mo sì mọ bó ṣe ń dùn nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Iná tó bá mú ẹran dénú ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Ewu rẹ̀ kò sí nínú abọ́ bíi ti ọwọ́ ẹni tó mú un, tó rẹ́ irun rẹ̀, tó la ikùn rẹ̀, tí ọmọdé sì di ìrù rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹran tí wọ́n sun létí iná, tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, ewu wà nínú òun náà. Lásà nìkan kọ́ ni ẹrù eku. Ní ọdún 2003, wọ́n kó òkété àti àwọn eku mìíràn láti Ghana lọ sí Amẹ́ríkà láti tà fún àwọn tó fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn. Wọ́n gbé wọn sítòsí àwọn ẹranko kan tí wọ́n ń tà níbẹ̀, àìsàn mpox ran àwọn ẹranko náà, ó sì ran ènìyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta. Eku ilé ni kí ìyá fi sílẹ̀ pátápátá. Ti ẹran ìgbẹ́, bí ọkàn wọn kò bá kúrò níbẹ̀, kí ẹni tó ń pa á má fi ọwọ́ lásán ṣe é, kó sì hó dáadáa.

Gàrí wá dé. Mo mọ iye tí àpò kan jẹ́ báyìí, mo sì mọ̀ pé owó tí ẹ fi rà á kò tíì padà. Ẹ da á nù. Ẹ béèrè pé ṣé kí ẹ tún un yan. Òtítọ́ ni pé iná lè pa fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí gàrí tó dé ojú agbada, ẹ máa bù ú, ẹ máa sẹ́ ẹ, eruku rẹ̀ á máa fò sí yín lójú, ọwọ́ yín á sì lọ kan ohun mìíràn. Àwọn oníbàárà yín sì ń fi omi tútù mu gàrí. Wọn kò ní sè é. Ẹ bu omi jìkì wọ́n ọn títí tó fi tutù, ẹ kó o sínú nílọ́ọ̀nù méjì, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jínjìn. Bí ẹ bá dà á sétí gọ́tà, àwọn eku tó kù nínú àdúgbò ni ẹ ń bọ́. Àwọn àpò yòókù, ẹ wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀: èyí tí igun rẹ̀ lu tàbí tí ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀ ń bá tàkọ́kọ́ lọ, àmọ́ èyí tí ó wà nínú nílọ́ọ̀nù tí ó dì, tí kò lu níbì kankan, ẹ fi aṣọ tó rin nínú omi jìkì nu ìta rẹ̀, kí ẹ wá yí i padà sínú ohun tó ní ìdérí.

Bí ẹ bá tún fẹ́ nu stóò yẹn, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ìdajì wákàtí kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ìbòmú lẹ́nu. Ife jìkì kan sí ife omi mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn sí gbogbo ibi tí ẹ rí ìgbẹ́ títí ibẹ̀ fi rin gbindin, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá fi aṣọ tútù tàbí ìwé nù ún. Ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ kó tó tutù. Ẹ má da jìkì pọ̀ mọ́ Izal tàbí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń fún ènìyàn lọ́rùn; mo ti gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde nínú irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ béèrè oògùn eku tó dára jù. Ìdáhùn mi kò ní tẹ́ ẹni tó ń tà á lọ́rùn: kò sí èyí tí màá gbé sínú stóò oúnjẹ. Ọ̀tápiàpià ń pa eku, ó sì ti pa ọmọ ènìyàn tó jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fín in sí. Oògùn tí wọ́n ń fi sínú oúnjẹ fún eku, eku á jẹ ẹ́, á lọ kú sókè àjà, ẹ ó máa gbóòórùn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ológbò tó bá jẹ òkú rẹ̀ lè kú pẹ̀lú. Gọ́ọ̀mù eku tí àwọn ọmọ ń tà ní Ọláìyá nínú gósílóò dára lójú, ṣùgbọ́n eku tó lẹ̀ mọ́ ọn kì í kú lọ́gán. Ó máa ń jà, ó máa ń tọ̀, ó máa ń ṣu níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀yin lẹ ó sì wá fọwọ́ gbé e. Tàkúté onírin tó ń pa á lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fara mọ́. Ẹ dẹ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí eku kì í rin àárín ilẹ̀, ẹ fi epo ẹ̀pà tàbí ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i. Bó bá mú un, ẹ fi omi jìkì wọ́n òun àti tàkúté, ẹ fi nílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́ gbé e, ẹ yí nílọ́ọ̀nù náà dé e, ẹ sì sin ín. Ológbò dára láti dẹ́rù bà wọ́n, mo ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tèmi fẹ́ràn ẹja tútù ju èkúté lọ, nígbà mìíràn sì ni ó máa ń gbé òkú eku wá síwájú mi bí ẹ̀bùn.

Pípa kọ́ ló máa parí rẹ̀, ihò ni. Eku tí ẹ pa lónìí, èkejì rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la bí ọ̀nà bá ṣì wà àti oúnjẹ. Àwọn àpò yín gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀: dúrọ́ọ̀mù onírin tàbí garawa tó nípọn tó ní ìdérí, lórí pátákó, kó fi ìwọ̀n ọwọ́ kan jìnnà sí ògiri kí ẹ lè máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó ò tó, ẹ ra ọ̀kan lóṣù yìí, kí ẹ fi oúnjẹ tí ilé yín ń jẹ sínú rẹ̀ ná. Ẹ bo abọ́, ẹ dojú wọn bolẹ̀, ẹ má fi ìdọ̀tí ilé ìdáná sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tí páípù omi gba ògiri kọjá, ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri. Ihò tí bíírò bá lè wọ̀, èkúté kékeré lè gba ibẹ̀. Èyí tí àtàǹpàkò bá wọ̀, ọmọ eku ńlá á wọ̀ ọ́. Pákó àti rọ́bà kò lè dá a dúró, ó máa jẹ ẹ́. Kànìnkànìn onírin ni kí ẹ kì sínú ihò náà dáadáa, kí ẹ wá fi sìmẹ́ńtì dí i. Kí ẹ sì bá àwọn tí ẹ jọ ń gbé agboolé sọ̀rọ̀, pàápàá aládùúgbò yẹn, nítorí eku kì í mọ ibi tí ògiri yín ti parí tí tiwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá dá yín lójú ihò wo ni wọ́n ń lò, ẹ bu eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Láàárọ̀, ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì: ẹ ó rí ẹsẹ̀ kékeré, ìlà tín-ín-rín ti ìrù á sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹ fi omi jìkì wọ́n eérú náà kí ẹ tó nù ún, kí ẹ sì tún bu òmíràn lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí i tán. Bí ó bá wà bí ẹ ṣe bù ú sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta, ẹ bọ́ sí ihò tó kàn.